Sàdáàkì, Ìdáná àti Lefe: Àgbéyẹ̀wò Ètò Ìgbéyàwó láàrin Àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ní Ìlú Accra

Ìfáárà

 

Ètò ìgbéyàwó láàrin àwọn Mùsùlùmí Yorùbá tí ó tẹ̀dó sí Accra, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gáná, ni iṣẹ́ yìí dá lé. A kò fẹ́ ka àṣà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó ẹyọ. Ìbéèrè kan ni ó gbà wá lọ́kàn: nínú ọ̀pọ̀ ẹrù àti owó tí ẹbí ọkọ ń gbé lọ sí ilé ìyàwó kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé, èwo gan-an ni sàdáàkì, ta ni ó ni ín, níbo ni a sì kọ ọ́ sí? Nígbà tí ayẹyẹ bá ń lọ lọ́wọ́, ìbéèrè yìí kì í jẹ ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Ìgbà tí ìkọ̀sílẹ̀ bá dé, tàbí tí ikú bá mú ọkọ lọ, ni tẹbí-tará yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ìdáhùn rẹ̀, tí àwọn Ààfáà yóò sì jókòó ti ẹjọ́ tí kò ní ìwé, tí àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ sì ti gbàgbé ohun tí wọ́n gbọ́.

Ìlànà Imām Mālik ni a ó tẹ̀lé jù nínú àlàyé wa, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń lò, òun náà sì ni wọ́n ń kọ́ ní ilé kéwú láti Ìlọrin dé Kumasi.

Àwọn Yorùbá ní Accra

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn wa ti tẹ ilẹ̀ yẹn. Àdúgbò kan wà ní James Town tí a ń pè ní Alata. Ìtàn so ó mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó wá láti agbègbè Allada nígbà tí wọ́n ń kọ́ odi James ní nǹkan bí ọdún 1673, orúkọ yìí náà sì ni àwọn ọmọ onílẹ̀ fi ń pe Yorùbá títí di òní. Ní ọdún 1836, àwọn tí a mọ̀ sí Tabon gúnlẹ̀ láti ilẹ̀ Brazil, àwọn Mùsùlùmí sì wà nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣòwò láti Ìlọrin, Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ṣakí àti Ìgbẹ́tì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ síbẹ̀. Wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí a fi pe apá kan ìlú náà ní Lagos Town kí wọ́n tó sọ ọ́ di Accra New Town.

Àwọn tí ó jẹ́ Mùsùlùmí nínú wọn kò dá gbé. Inú zongo ni wọ́n wà, ìyẹn àdúgbò àwọn àlejò Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ Hausa tí ó túmọ̀ sí ibùdó àwọn oníṣòwò arìnrìn-àjò ni ó bí orúkọ náà. Ní Sabon Zongo, Nima, Mamobi, Tudu àti Fadama, èdè Hausa ni èdè ọjà àti èdè ìgboro, ó sì ti di èdè wáàsí pàápàá. Nítorí náà, ẹ̀nu mẹ́ta ni ìgbéyàwó ọmọ Yorùbá ní Accra fi ń sọ̀rọ̀: Lárúbáwá ni wọ́n fi ń so yìgì, Yorùbá ni wọ́n fi ń dáná, Hausa sì ni orúkọ ọ̀pọ̀ ohun tí ó wà láàrin méjèèjì. Bí ẹ bá gbọ́ tí ìyá ìyàwó kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ ń ṣírò lefe, tí ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní amariya, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ó ti gbàgbé ilé.

Ohun kan tún wà tí kò yẹ kí a fò. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á tàbí kí ó kúrò ní Gáná láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá ni ó wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ká mọ́ jù. Ilé àti ìsọ̀ di títà ní ọ̀pọ̀, ẹbí sì fọ́nká. Àwọn tí ó kù, àwọn tí ó padà wá, àti àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ ni ó bí ìran tí à ń sọ̀rọ̀ wọn yìí, àwọn tí ó ń fẹ́ ọmọ Hausa, Dagomba, Kotokoli àti Gã láìwo ẹ̀yà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kan ọ̀rọ̀ wa nínú rẹ̀ nìyí: ìgbéyàwó tí ó jẹ́ pé inú orí àwọn àgbàlagbà nìkan ni ẹ̀rí rẹ̀ wà, ọjọ́ tí àwọn àgbàlagbà náà bá wọ ọkọ̀ lọ ni ẹ̀rí rẹ̀ lọ.

Ohun tí Sharī'ah béèrè

Ohun tí òfin Ọlọ́hun béèrè kò pọ̀. Nínú Risāla tí Ibn Abī Zayd al-Qayrawānī (ó kú ní ọdún 386 lẹ́yìn Hijra, 996 ti àwọn Kristẹni) kọ, èyí tí ọmọ kéwú wa gbogbo mọ̀, walī tí yóò fi ìyàwó fún ọkọ, sàdáàkì, àti ẹlẹ́rìí méjì tí ó jẹ́ olóòótọ́ ni ó di ìgbéyàwó mú, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìfifúnni àti ìtẹ́wọ́gbà. Ìwọ̀n sàdáàkì tí ó kéré jù lọ nínú mazhab wa ni ìdá mẹ́rin dínárì wúrà kan, èyí tí ó lé díẹ̀ ní gíráàmù wúrà kan, tàbí dírhámù fàdákà mẹ́ta. Kò sí òkè tí a fi dí i.

Kùránì Alápọ̀nlé sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní ibi púpọ̀. Ní Sūratu n-Nisā', āyà kẹrin, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí a fún àwọn obìnrin ní sàdáàkì wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn tí ó tọ́ sí wọn, bí wọ́n bá sì fi inú dídùn yọ̀ǹda díẹ̀ nínú rẹ̀, ó di ẹ̀tọ́ fún ẹni tí wọ́n fún. Ní āyà ogún nínú Sūra kan náà, Ó kọ̀ fún ọkùnrin láti gba ohunkóhun padà lọ́wọ́ ìyàwó tí ó fẹ́ fi òmíràn rọ́pò, ì báà jẹ́ òkìtì dúkìá ni ó ti fún un. Ní Sūratu l-Baqara, āyà 237, Ó fi ìdajì sí i fún obìnrin tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀ kí ó tó wọlé tọ̀ ọ́. Kí a kíyè sí i pé obìnrin ni ọ̀rọ̀ náà dojú kọ nínú gbogbo rẹ̀. Kò sí ibi tí a ti sọ pé kí a fún bàbá tàbí ẹbí rẹ̀.

Ní ti pé kí ó rọrùn, a mọ hádíìsì aláìní tí Ànábì ní kí ó lọ wá òrùka irin pàápàá, tí wọ́n sì so yìgì rẹ̀ nígbẹ̀yìn lórí ohun tí ó mọ̀ nínú Kùránì. Àwọn oníwàásù wa tún fẹ́ràn ìtàn Umar àti obìnrin tí ó dá a lóhùn nígbà tí ó fẹ́ dín sàdáàkì kù. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ hádíìsì ti rí àléébù nínú ẹ̀wọ̀n rẹ̀, āyà ogún náà sì tó fún ẹ̀rí láìsí i.

Bí ètò náà ṣe ń lọ ní Accra

Ìwádìí ni ó kọ́kọ́ wáyé, bíi ti ilé. Wọ́n á béèrè ìdílé, àìsàn, ìwà àti kéwú. Lẹ́yìn èyí ni àwọn àgbà ọkùnrin láti ilé ọkọ yóò gbé obì lọ tọrọ ọmọ. Obì gbànja ni zongo mọ̀, tí àwọn Hausa ń pè ní goro. Orúkọ gbànja tí àwa fi ń pè é yìí, ọ̀pọ̀ ni ó gbà pé Gonja ni ó ti wá, ilẹ̀ àríwá Gáná tí àwọn oníṣòwò obì ń gbà kọjá lọ sí ilẹ̀ Hausa láyé àtijọ́. Obì àbàtà ni ìyá àgbà láti Ọ̀fà yóò sì máa wá kiri ọjà kí ó tó gbà pé àdúrà lè bẹ̀rẹ̀. A ti rí i tí wọ́n gbé méjèèjì kalẹ̀ kí ìjà má baà sí.

Bí ìyàwó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá, ìdáná yóò wáyé, yálà lọ́tọ̀ tàbí pẹ̀lú ìtọrọ. Iṣu, oyin, iyọ̀, ataare, orógbó àti èso yóò wà níbẹ̀. Owó kéékèèké náà kò ní gbẹ́yìn: owó ìkànlẹ̀kùn, owó bàbá gbọ́, owó ìyá gbọ́, owó ìyàwó ilé, owó ọmọ ilé. Àwàdà ni púpọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ń fi dá àna lára yá ni, a kò sì rí ohun tí Islam ní í ṣe pẹ̀lú kí àwọn ìyàwó ilé dáwọ́ lé ẹnu ọ̀nà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣùgbọ́n ti bàbá gbọ́ àti ìyá gbọ́ ti kúrò ní àwàdà ní ilé mìíràn. Wọ́n ti ń kọ ọ́ sínú ìwé ránṣẹ́ sí ẹbí ọkọ gẹ́gẹ́ bí àṣẹ, kò sì ní sí ìgbéyàwó bí kò bá pé.

Lefe ni ó tẹ̀lé e, èyí ni zongo sì fi kún tiwa. Àpótí ni, ọ̀kan, méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọkọ kó aṣọ, bàtà, ìborùn, òórùn dídùn, ọṣẹ àti ohun ọ̀ṣọ́ sí fún ìyàwó. Àwọn obìnrin ilé ọkọ ni yóò rù ú lọ pẹ̀lú orin, àwọn obìnrin ilé ìyàwó yóò sì tú u sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, wọn yóò ka aṣọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ojú ti ń ti ọmọ tálákà. Ọ̀dọ́kùnrin tí ó ní agbára sàdáàkì dáadáa lè dúró lọ́dún méjì nítorí àpótí. Lẹ́yìn lefe ni wọn yóò dá ọjọ́, tí wọn yóò sì pín obì yí ká àdúgbò. Obì yìí ni ìwé ìpè, ó sì ní àǹfààní gidi nínú Sharī'ah, nítorí kíkéde ìgbéyàwó jẹ́ ohun tí Ànábì fẹ́ràn.

Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú yìgì, làálì ni. Wọ́n á lé e sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ìyàwó, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á sì jókòó tì í. Láàrin àwọn tí ó wá láti agbègbè Ọ̀yọ́, àwọn ìyá àgbà díẹ̀ ṣì rántí ẹkún ìyàwó, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí sí Nima kò mọ̀ ọ́n sun mọ́. Ilé kéwú mìíràn máa ń so wòlímọ̀ ìparí Kùránì ọmọbìnrin náà mọ́ ọjọ́ yìí, bí a ti ń ṣe ní Ìlọrin. Àṣà rere ni. Ó kàn yẹ kí àwọn ọmọ kéwú mọ̀ pé oúnjẹ ìgbéyàwó gan-an ni walīma nínú hádíìsì, àwa Yorùbá ni ó gbé orúkọ náà lọ sí ìparí Kùránì.

Yìgì fúnra rẹ̀ kì í pẹ́. Òwúrọ̀ ni, ní mọ́ṣáláṣí tàbí lábẹ́ àtíbàbà níwájú ilé bàbá ìyàwó. Àwọn ọkùnrin jókòó lórí ẹní, Lémọ́mù á wàásù díẹ̀, walī á fi ọmọ fún aṣojú ọkọ, wọ́n á kéde iye sàdáàkì, wọ́n á ka Fātiha, wọ́n á pín obì àti dàbínù. Inú yàrá ni ìyàwó wà ní gbogbo àkókò yìí. Owó tí wọ́n kéde, ọwọ́ àgbàlagbà kan ni ó gbé e, ibi tí ó gbà lọ lẹ́yìn náà kò hàn sí gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni waakye, jọ̀lọ́ọ̀fù àti tuo yóò jáde, tí ìlù yóò sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí àwọn Ahlu s-Sunna kò bá ti dí i lọ́nà. Ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ọjọ́ kejì, wọ́n á mú ìyàwó lọ sí ilé ọkọ pẹ̀lú kayan daki, ìyẹn ibùsùn, abọ́, ìkòkò àti ohun èlò ilé tí àwọn òbí rẹ̀ rà fún un. Ẹni tí ó bá wo abọ́ tí àwọn ìyá kan ń tò jọ láti ìgbà tí ọmọ wọn ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, yóò mọ̀ pé ẹrù yìí kì í ṣe kékeré.

Níbo ni sàdáàkì wà?

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní ọkùnrin kan gbé àpótí méjì wá, ó san owó ìdáná tí wọ́n kọ fún un, ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ kún un. Ní ọjọ́ yìgì, wọ́n kéde owó kékeré kan ní sàdáàkì kí ó lè bá Sunna mu. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àárin wọn kò gún mọ́. Ẹbí ọkọ ní kí àpótí padà wálé. Ẹbí ìyàwó ní ẹ̀bùn ni. Bàbá ìyàwó kò sọ̀rọ̀ nípa owó ìdáná rárá, nítorí ó ti fi tún òrùlé ṣe. Kí ni Ààfáà yóò sọ?

A ó bẹ̀rẹ̀ láti orí owó ìdáná, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹni ìṣáájú ti hàn jù. Abū Dāwūd gbà á wá láti ọ̀dọ̀ 'Amr bin Shu'ayb, láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀, pé Ànábì fi ìyàtọ̀ sí ohun tí wọ́n fi lélẹ̀ kí yìgì tó so àti ohun tí wọ́n fúnni lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ó ṣáájú yìgì, ì báà jẹ́ sàdáàkì tàbí ẹ̀bùn tàbí ìlérí, ti obìnrin ni. Ohun tí ó tẹ̀lé yìgì ni ó jẹ́ ti ẹni tí wọ́n fún. Imām Mālik náà mú un wá nínú Muwaṭṭa' pé Umar bin 'Abd al-'Azīz kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan pé ohun tí ẹni tí ó fi ìyàwó fúnni bá béèrè fún ara rẹ̀, bàbá ni tàbí ẹlòmíràn, obìnrin ni ó ni ín bí ó bá fẹ́ ẹ. Nígbà tí Khalīl bin Isḥāq sì ń kọ Mukhtaṣar rẹ̀, ó fi ẹ̀bùn tí wọ́n béèrè fún walī ṣáájú yìgì sí abẹ́ ìdájọ́ sàdáàkì, ó sì fi kún un pé obìnrin lè gbà á lọ́wọ́ walī náà.

Ẹ kò rí i bí èyí ti bọ́ sórí owó bàbá gbọ́ gẹ́lẹ́? Ohun tí a sọ di àṣẹ, tí a kọ sínú ìwé, tí a kò ní so yìgì bí kò bá pé, ti ọmọbìnrin náà ni lójú mazhab tí àwa fúnra wa ń tẹ̀lé. Àwọn àgbà máa ń dáhùn pé ọmọ mọ̀, ó sì dákẹ́, nítorí náà ó ti yọ̀ǹda. Āyà kẹrin tí a tọ́ka sí lẹ́ẹ̀kan gbà á láyè kí obìnrin yọ̀ǹda, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdùnnú ọkàn ni ó béèrè. Ẹni tí kò mọ̀ pé ohun kan jẹ́ tirẹ̀ kò lè yọ̀ǹda rẹ̀. Kí a sọ fún un lákọ̀ọ́kọ́, kí a tó máa sọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ní ti owó ìkànlẹ̀kùn àti irú rẹ̀ tí kò tó nǹkan, tí a fi ń ṣeré, a kò rí i pé ó yẹ kí Ààfáà fi da ìdáná rú.

Ọ̀rọ̀ lefe ni ó le díẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ ní Accra ka a sí ẹ̀bùn lásán, nítorí wọn kò dárúkọ rẹ̀ níbi yìgì. Èrò tiwa yàtọ̀. Ìlànà kan wà tí àwọn onímọ̀ fíkíhì fọwọ́ sí, pé ohun tí àṣà ìlú bá ti sọ di dandan dà bí ohun tí a fẹnu béèrè. Ní zongo lónìí, ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ fún ọkọ láìsí àpótí? Bí kò bá sí, a jẹ́ pé lefe ti wọ inú ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ fi ìyàwó fúnni, ó sì tọ́ kí ó máa bá sàdáàkì rìn.

Ìyàtọ̀ èrò yìí kò kan àpẹẹrẹ tí a mú bí ó bá jẹ́ pé ọkọ ni ó kọ̀. Sàdáàkì ni o, ẹ̀bùn ni o, obìnrin tí ọkọ ti wọlé tọ̀, tí ọkọ sì kọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, kò ní dá àpótí padà, āyà ogún ti sé ọ̀nà yẹn. Ibi tí ìyàtọ̀ ti ń jáde ni ọ̀nà mẹ́ta mìíràn. Bí àdéhùn bá bàjẹ́ kí yìgì tó so, ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ìkẹyìn nínú mazhab wa gbà pé ọkùnrin lè béèrè ohun tí ó ná bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ obìnrin ni ìbàjẹ́ ti wá, àfi bí àṣà tàbí àdéhùn bá sọ òmíràn. Bí ìkọ̀sílẹ̀ bá wáyé lẹ́yìn yìgì ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wọlé, ìdajì sàdáàkì nìkan ni ó kù fún obìnrin, a sì ní láti mọ̀ bóyá àpótí wà nínú ohun tí a ó pín. Ìkẹta ni khul', kí obìnrin fi dúkìá ra ara rẹ̀ kúrò. Ìyàwó Thābit bin Qays dá ọgbà tí ọkọ fún un padà, nítorí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ọgbà náà ni sàdáàkì. Mālik gbà pé ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí níbi khul' lè ju sàdáàkì lọ, nítorí náà obìnrin tí kò mọ iye sàdáàkì rẹ̀ kò ní ibi tí yóò dúró sí nígbà tí wọ́n bá ń dúnàádúrà. Ohun tí a ń gbọ́ nínú irú àpérò bẹ́ẹ̀ ni pé kí ó kó ohun gbogbo sílẹ̀, títí kan abọ́ tí ìyá rẹ̀ rà.

Abọ́ yẹn náà ní ìdájọ́ tirẹ̀. Nínú mazhab Mālik, ohun tí obìnrin gbà ní sàdáàkì ni ó yẹ kí ó fi pèsè ohun èlò yàrá gẹ́gẹ́ bí àṣà ìlú. Ní Accra, sàdáàkì kò tó ra ìbùsùn, àpò òbí ni ó ń ti jáde. Ti ìyàwó ni, kì í ṣe ti ọkọ. Bàbá tí ó bá sì ní òun yá ọmọ òun lo ohun kan nínú rẹ̀ ni, Khalīl gbà kí a gbọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú ìbúra láàrin ọdún kan péré.

Ohun tí a lè rí kọ́ lára àwọn Malay

Kì í ṣe Accra nìkan ni àṣà ti fẹ́ bo sàdáàkì mọ́lẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí Malay, tí mazhab Shāfi'ī ni wọ́n ń tẹ̀lé, ní ìwádìí àti ìtọrọ bí a ti ní in. Wọ́n ń lé làálì, tí wọ́n ń pè ní inai. Wọ́n tún ń gbé tọkọtaya jókòó sórí ìtẹ́ bí ọba, èyí tí wọ́n ń pè ní bersanding, tí àwọn onímọ̀ wọn sì ti bá ara wọn jiyàn lé lórí. Ẹ̀bùn tí ọkọ ń gbé wá níbẹ̀, hantaran ni orúkọ rẹ̀, ó sì máa ń ju sàdáàkì lọ ní ìlọ́po. Ṣùgbọ́n wọn kò da orúkọ méjèèjì pọ̀: mas kahwin ni sàdáàkì, hantaran ni ẹ̀bùn. Òfin ẹbí Islam tí Malaysia ṣe ní ọdún 1984 fún àwọn agbègbè tí ó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ tún pàṣẹ pé kí akọ̀wé ìgbéyàwó béèrè, kí ó sì kọ iye mas kahwin, iye ẹ̀bùn tí ó bá a rìn, àti èyí tí ọkọ ṣèlérí tí kò tíì san. Ohun tí ó wú wa lórí níbẹ̀ ni ìlà mẹ́ta yẹn nínú ìwé. Ìtẹ́ àti òdòdó, kí wọ́n máa ṣe é lọ́hùn-ún.

Ọ̀rọ̀ ìwé ní Gáná

Òfin tí yóò gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà ní Gáná tipẹ́. Ọdún 1907 ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin ìgbéyàwó àwọn Mùsùlùmí, ó sì wà nínú òfin ìgbéyàwó Gáná títí di ìsinsìnyí. Ó ní kí wọ́n fi orúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan, kí ọkọ, walī ìyàwó, ẹlẹ́rìí méjì àti Ààfáà tí ó ní ìwé àṣẹ sì wà níbẹ̀. Àwọn tí ó ń lọ kò pọ̀ rárá. Ẹlòmíràn ní òfin òyìnbó ni, Ọlọ́hun tó ní ẹlẹ́rìí. Ẹlòmíràn ní ọ́fíìsì jìnnà, ọ̀sẹ̀ kan kò sì tó lẹ́yìn irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn kejì yìí ní òótọ́ nínú.

Àìlọ yìí ní ohun tí ó ń fà. Nínú ẹjọ́ Kwakye àti Tuba ní ọdún 1961, ilé ẹjọ́ Gáná dájọ́ pé kí ènìyàn jẹ́ Mùsùlùmí nìkan kò tó láti mú kí a pín ogún rẹ̀ ní ìlànà Islam. Bí kò bá ti fi orúkọ ìgbéyàwó rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin yẹn, àṣà ìdílé rẹ̀ ni yóò pín in. Láti ọdún 1985, òfin ogún tí a mọ̀ sí PNDC Law 111 ti fi ilé àti ohun èlò ilé sí ìkáwọ́ opó àti àwọn ọmọ ẹni tí kò kọ ìwé ìhágún. Ìpín tí òfin yìí là sílẹ̀ kì í ṣe ìpín Sūratu n-Nisā', a kò sì gbé e kalẹ̀ láti yìn ín. Síbẹ̀, kí obìnrin tó lè sọ̀rọ̀ níwájú òfin yìí tàbí níwájú Ààfáà, yóò kọ́kọ́ fi hàn pé ìyàwó ni òun. Ọmọ Yorùbá tí walī rẹ̀ ti padà sí Ìnísà, tí Lémọ́mù tí ó so yìgì rẹ̀ sì ti kú, kí ni yóò gbé jáde?

Ẹni tí ó bá ní Ọlọ́hun tó ní ẹlẹ́rìí, kí a rán an létí Sūratu l-Baqara, āyà 282, níbi tí Ọlọ́hun kan náà ti pàṣẹ pé kí a kọ gbèsè tí a dá àkókò sí sílẹ̀, kékeré ni tàbí ńlá. Sàdáàkì tí a kò tíì san, gbèsè ni. Bí ọkọ bá kú, a ó yọ ọ́ kúrò nínú dúkìá rẹ̀ kí a tó pín ogún, gẹ́gẹ́ bí a ti ń yọ gbèsè oníṣòwò. Gbèsè oníṣòwò wà nínú ìwé, ti ìyàwó kò sí.

Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ àwọn Ààfáà wa kò ní kí wọ́n dúró de ìjọba. Kí Lémọ́mù tó gbẹ́nu lé wáàsí ní òwúrọ̀ yìgì, kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹbí méjèèjì: kí ni sàdáàkì, èló ni a san, èló ni ó kù, ọjọ́ wo ni yóò san án? Àpótí lefe ńkọ́, ṣé ó wà nínú sàdáàkì ni tàbí ẹ̀bùn? Owó tí bàbá gbà níbi ìdáná, ṣé ọmọ mọ̀ ọ́n, ó sì yọ̀ǹda? Kí ó rán obìnrin olóòótọ́ kan wọ yàrá lọ bá ìyàwó, kí ó ka ìdáhùn náà sí i létí, kí owó sàdáàkì sì bọ́ sí i lọ́wọ́ níṣojú ẹlẹ́rìí. Kí a wá kọ gbogbo rẹ̀ sí ojú ìwé kan, kí walī, ọkọ àti àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i kí obì tó di pípín, nítorí lẹ́yìn obì kò sí ẹni tí yóò dúró mọ́. Bí ó bá jẹ́ Lárúbáwá ni Lémọ́mù fi kọ ọ́, kí ó fi èdè tí akọ̀wé ìjọba lè kà kún un. Ìwé yìí kan náà ni wọn yóò mú dání lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì láàrin ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ̀dà kan yóò wà ní mọ́ṣáláṣí, ẹ̀dà kan lọ́wọ́ ọkọ, ẹ̀dà kẹta lọ́wọ́ ìyàwó fúnra rẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.